Ikọ́ Tí Mo Pè Ní Ọ̀dà, àti Ìdí Tí Mo Fi Ṣí Blọ́ọ̀gù

Oníbàárà mi kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mówé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá wo géètì tí mo ń ṣe fún un. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ka ìwé tí ọmọ mi tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Alàbí, wọ́n ní o ti ní blọ́ọ̀gù. Ṣé lóòótọ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí páìpù. Ó ní, "Wẹ́dà! Kí ni wẹ́dà ń wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Ṣé inú kọ̀ǹpútà lo fẹ́ máa jórin sí ni?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gùn ju èémí mi lọ. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ níwájú. Mo kàn ní kó lọ kà á. Ìdáhùn náà rèé. Mo kọ ọ́ fún òun, àmọ́ ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní ọsibítù pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe ọ́, tó jẹ́ pé o ò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, ìwọ gan-an ni mo kọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí àìsàn náà gbé ṣánlẹ̀. Ẹdẹ ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ Mówé ni mo ti di ọkùnrin. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ irin. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kàwé dé òpin ló ń sanwó fún mi. Láti Ìbàfò títí dé Mówé, tí ẹ bá rí géètì tí wọ́n fi irin ya òdòdó sí, tí òdòdó náà dà bíi pé afẹ́fẹ́ lè mì í, ẹ má wulẹ̀ béèrè, èmi ni. Èyí tí mo ṣe sínú ẹ́sítéètì kan ní Ìṣẹ́rì, àwọn àlejò a máa dúró ya fọ́tò níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé lọ kí onílé. Irin tí ọkùnrin méjì ń gbé, èmi nìkan ló máa ń dá a gbé. Ohùn mi nìkan ló sì lè borí jẹnẹrétọ̀. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó wà ní òdìkejì òpópónà márosẹ̀ ń gbọ́, wọ́n á máa bá mi rẹ́rìn-ín láti ọ̀hún.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ìgbà ọyẹ́ ni, gbogbo ayé ló ń húkọ́, ta ló máa ka tèmi sí? Ọyẹ́ lọ, òjò bẹ̀rẹ̀, ikọ́ ò lọ. Èmi ò jáyà, torí kò sí wẹ́dà tí kì í húkọ́. Èéfín là ń jẹ. Àwa wẹ́dà sì ní oògùn tiwa: mílíìkì agolo, pẹ̀lú epo pupa ṣíbí kan. A gbà pé mílíìkì máa ń fọ èéfín kúrò láyà. Mo mu mílíìkì débi pé ìyá tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Ìkókó.

Lẹ́yìn náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí mi. Mo fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì, mo tún lu òmíràn. Tí mo bá sùn, màá làágùn títí aṣọ ibùsùn á fi tutù rinrin. Lọ́sàn-án, ara mi á gbóná díẹ̀, á tún rọlẹ̀. Oúnjẹ ò wù mí. Àwọn ènìyàn ń sọ pé, "Alàbí, o ń rù o." Mo ń dá wọn lóhùn pé, "Irin ni mí. Ṣé ẹ ti rí irin tó sanra rí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì di ikọ́.

Mo lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún mi ní oògùn ikọ́ olómi. Mo lọ sí ọsibítù aládàáni kan. A tò láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Dókítà wò mí fìrí, ó ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí mi lára. Ara mi yá díẹ̀, ó tún padà. Mo tún lọ, wọ́n tún ní táífọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ta ẹ̀rọ ìjórin mi kejì, tí owó rẹ̀ bá táífọ́ọ̀dù lọ, mi ò sì mọ̀ pé kò sí táífọ́ọ̀dù kankan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ń fọ́n ọ̀dà sára géètì ńlá kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọṣẹ́ wa. Tí a bá jórin tán, ọ̀dà pupa kan wà tí a máa ń kọ́kọ́ fọ́n sí i lára kó má baà dípẹtà. Ẹ̀rọ la fi ń fọ́n ọn, ó máa ń kù bí eruku, ó sì máa ń wọ̀ wá nímú. Tí wẹ́dà bá fun imú lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pupa ló máa rí, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Lọ́jọ́ náà mo húkọ́ sínú aṣọ ìnujú mi, mo wò ó: pupa. Mo fi han Kàmọ́rù, wẹ́dà ẹgbẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ fara kanra.

"Ọ̀dà ni jàre," ló wí. "Lọ mu mílíìkì."

Mo lọ mu mílíìkì.

Báyìí ni mo ṣe ń húkọ́ ẹ̀jẹ̀ tí mo ń pè é ní ọ̀dà. Àní lọ́jọ́ tí mi ò fọwọ́ kan ọ̀dà rárá, mo ní èyí tó ti wà nínú tẹ́lẹ̀ ló ń jáde díẹ̀díẹ̀. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé àyà mi ń fọ ara rẹ̀.

Ìyàwó mi, Ìyá Ṣadé, télọ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàfò. Mo ti ń gbéra ga láti òkè wá, àmọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí bá ti dé, màá ṣí fìlà. Òun ló ń fọ aṣọ mi. Ọjọ́ Sátidé kan ni, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọṣọ lọ́wọ́. Ó dúró lójijì. Ó gbé ìnujú mi sókè sínú oòrùn.

"Bàbá Ṣadé, kí lèyí?"

"Ọ̀dà."

"Ọ̀dà wo?"

"Ìwọ náà! Ọ̀dà wo ni mò ń lò? Ọ̀dà pupa."

Kò bá mi jà. Ó lọ mú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi, èyí tí ọ̀dà ti ta sí lápá, ó ki òun àti ìnujú bọ inú omi tútù kan náà, ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó ń fọwọ́ ra wọ́n. Omi di pupa. Ó gbé ìnujú sókè, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ọ̀dà wà níbẹ̀ digbí.

"Láti ìgbà wo ni mo ti ń fọ aṣọ wẹ́dà?" ló bi mí. "Ọ̀dà yín, àfi tínà tàbí kẹrosíìnì. Kò sí ọjọ́ kan tó fi omi lásán ṣí rí. Èmi náà, abẹ́rẹ́ ti gún mi lọ́wọ́ tó, mo mọ ohun tí omi tútù àti iyọ̀ máa ń ṣí lára aṣọ. Bàbá Ṣadé, ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ń tu."

Mo gba ìnujú náà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà gbé e sínú oòrùn.

Ó ní tó bá di Mọ́ńdè, ọsibítù ìjọba là ń lọ. Mo ní mo ní géètì tí mo fẹ́ gbé jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní, "Ẹ sọ fún géètì náà kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó máa dúró dè yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bẹ́ǹṣì ọsibítù yẹn. Lẹ́yìn tí a tò gba káàdì, tí a tún tò rí dókítà, wọ́n ní kí a lọ sí abẹ́ páànù kan tó dá dúró lẹ́yìn, tí kò ní ògiri. Ibẹ̀ ni bẹ́ǹṣì àwọn oníkọ́ wà. Wọ́n fún mi ní ike kékeré kan, wọ́n ní kí n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ sí i wá. Gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló ń bojú. Ọkùnrin kan fa fẹ́ẹ̀sìkáàpù bo ojú, obìnrin kan fi ìborùn wé orí títí dé imú. Èmi náà, ó ku díẹ̀ kí n lọ gbé ìbòjú tí mo fi ń jórin wọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bojú. Lékè lorúkọ rẹ̀, ó máa ń wa tírélà. Ó rù bí igi ìdáná, ó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá ń rìn, torí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún un ní ìdí lójoojúmọ́. Bí mo ṣe jókòó, ó na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa, bùọ̀dá. A kì í dáwó o, ikọ́ nìkan là ń kó wá."

Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àmọ́ mo rí i pé gbogbo ẹni tuntun tó bá ti jókòó, Lékè á kí i bẹ́ẹ̀, á wá sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un. Ó ní ẹ̀ẹ̀kejì òun rèé. Ní àkọ́kọ́, ara òun yá, òun sanra, wọ́n wá pe òun kí òun gbé ẹrù lọ sí Kánò, ni òun bá fi oògùn sílẹ̀ ní agbedeméjì. Ikọ́ náà padà, oògùn àkọ́kọ́ ò sì ran án mọ́ bó ṣe ń ran án tẹ́lẹ̀. Ó ń sọ ọ́ láìtijú, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀ tuntun.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa ni Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́, obìnrin kúkúrú tí kì í pariwo. Òun ló pè mí nígbà tí èsì jáde.

"Bàbá, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Tíbì."

"Ṣé mo máa kú?"

"Tí ẹ bá lo oògùn yìí tán, ara yín á yá. Tí ẹ ò bá lò ó tán, mi ò lè ṣèlérí."

"Èló ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ oṣù púpọ̀ ni, láràárọ̀ lẹ sì máa wá gbé e mì níwájú mi."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Àwọn àgbà ló máa ń tàn mí jù," ló wí, ó sì bu omi fún mi.

Ẹ̀rù bà mí. Ní kékeré mi ní Ẹdẹ, ẹnì kan wà ní agboolé wa tó ní ikọ́ yìí. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n kọ́ ahéré fún un sí, wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, ọ̀pá ni wọ́n fi ń ti oúnjẹ sí i. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn bí èmi àti Ìyá Ṣadé ṣe ń gun ọ̀kadà padà sílé. Mo ti ń wo ẹ̀yìnkùlé mi pé ibo ni wọ́n máa kọ́ tèmi sí.

A délé, Ìyá Ṣadé tẹ ẹ̀bà sínú abọ́ kan ṣoṣo. Ó jókòó tì mí, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní, "Ìyá Ṣadé, yọ ọwọ́ rẹ." Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ní abọ́ kọ́ ló ń jẹ́ kó ràn, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ jẹun." Bó ṣe ń jẹun ló tọ́ka sí fèrèsé yàrá wa. Nítorí olè, èmi fúnra mi ni mo ti fi páànù irin dí fèrèsé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo máa ń fi iṣẹ́ ọ̀hún han àlejò. Ó ní, "Ẹ gé e." Mo gé e ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tikọ́tikọ́. Afẹ́fẹ́ wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti kọ́ ilé náà. Òun àti Ṣadé ọmọ wa lọ ṣe àyẹ̀wò tiwọn, Ọlọ́run ṣàánú mi, kò sí nǹkan kan lára wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ó tóbi, ó sì pọ̀. Oríkèé ń ro mí, inú ń rú mi. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi pé ìtọ̀ mi á máa pọ́n, kí n má jáyà, pé àwọ̀ oògùn ni. Ó pọ́n lóòótọ́. Àmọ́ kò pẹ́, ikọ́ ń dínkù, oúnjẹ ń dùn lẹ́nu mi, mo sì padà sí ihò àtijọ́ lára bẹ́líìtì mi. Ibi tí ewu gidi wà rèé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Nígbà tí ara bá ti ń yá ni gbogbo ènìyàn á wá ní ìmọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Ganíyù, oníṣòwò pákó ni ní Ifọ̀. Òun ló ra ẹ̀rọ ìjórin àkọ́kọ́ fún mi, òun ló ṣe ìgbéyàwó mi. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, mi ò sọ pé rárá sí i lẹ́nu rí. Ó gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wá kí mi. Inú rẹ̀ dùn sí ara mi. Àwa méjèèjì jọ lọ tọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, bí ọkùnrin ṣe máa ń ṣe, ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sílẹ̀.

"Alàbí! Ẹ̀jẹ̀!"

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, Bùọ̀dá mi. Oògùn ni."

"Oògùn wo ló ń jẹ́ kí ènìyàn máa tọ omi pupa bíi sóbò? Èló lo rà á?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó di ìgbànú rẹ̀, ó kọjú sí mi. "Ọ̀fẹ́! Ìjọba tí kò fún ọ níná, tí kò fún ọ lómi, tí kò dí kòtò kan ṣoṣo níwájú ilé rẹ, òun ló wá fún ọ ní oògùn ọ̀fẹ́? O sì gbé e mì? Ṣé orí rẹ pé?" Ó ní obìnrin alágbo kan wà ní Ifọ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ ikọ́ dáadáa, pé ilé tòun ní Ifọ̀ ni kí n wá máa gbé. "Lọ kó aṣọ rẹ. Lónìí yìí là ń lọ."

Mo mọ̀ pé tí mo bá lọ, oògùn ti parí nìyẹn. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá kọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ̀. Ẹ̀mí mi wà láàárín píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi àti bẹ́ǹṣì Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́. A délé, mo ń ká ṣòkòtò sínú báàgì nígbà tí Ìyá Ṣadé dé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbàfò. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ káàbọ̀ sà, Bùọ̀dá wa. Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ̀yin lẹ fi fún mi. Ẹ máa mú un lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyàwó gidi!"

"Ohun kan ló kù, sà. Nọ́ọ̀sì ní láràárọ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé oògùn mì níwájú òun. Ẹ ṣáà máa gbé e wá láràárọ̀, tó bá lò ó tán, kẹ́ ẹ máa gbé e padà."

"Láti Ifọ̀?"

"Ta ni ò mọ̀ pé mọ́tò yín lágbára, sà? Gbogbo Mówé ló mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi wo píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyá kan náà ló bí wa, ìgbéraga tó wà lára mi, tirẹ̀ jù ú lọ. Kò lè sọ ọ́ lẹ́nu pé mọ́tò òun ò lè ṣe é. Ó ní, "Ṣé ìyẹn náà lo ń pè ní iṣẹ́?"

"Ṣé ẹ ti ṣèlérí fún mi, sà?" Kò tíì dìde nílẹ̀.

"Mo ti ṣèlérí. Dìde."

A lọ sí Ifọ̀. Ìyá alágbo yẹn, ènìyàn dáadáa ni. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mò ń lo ti ọsibítù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti àgbo rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó parí ìyẹn ná. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé tèmi ló pa á." Ẹ̀gbọ́n mi ní màá dá ti ọsibítù dúró. Mo rọra sọ pé, "Bùọ̀dá mi, ẹ ti ṣèlérí fún Ìyá Ṣadé." Ó wò mí bí ẹni fẹ́ gbá mi létí. Kò gbá mi.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, a gbéra ní Ifọ̀. Sàǹgó há. Ọ̀tà há. A dé Bẹ́gà ní Èkó, oòrùn ti mú. Nígbà tí a máa fi dé Ìbàfò, èéfín ti ń jáde lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù tí gbogbo Mówé mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń tọrọ omi káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù, òógùn ti mu agbádá rẹ̀. Nígbà tí a dé ọsibítù, Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ ṣì jókòó, ó ń dúró dè mí. Mo gbé oògùn mì. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè dìde mọ́, ó wó lu bẹ́ǹṣì.

Lékè na ọwọ́ sí i. "Bàbá, ẹ káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa."

"Èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ yín!"

"Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, sà." Ó wá sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ti ara tó sanra, ti ẹrù Kánò, ti oògùn tó fi sílẹ̀. Ó ń dúró mí gúlegúle láàárín ọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó ní, "Ṣé ẹ̀ ń wò mí, Bàbá? Bí mo ṣe wà yìí, mo sanra ju àbúrò yín lọ nígbà tí mo dá tèmi dúró."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. A wọ mọ́tò, mo rò pé Ifọ̀ là ń padà sí. Ilé mi ló wà mí lọ. Ó sọ báàgì mi kalẹ̀, ó sì sọ fún Ìyá Ṣadé pé, "Gba ọkọ rẹ. Mọ́tò mi fẹ́ sinmi."

Ìyá Ṣadé kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Mo mọ̀ pé mọ́tò ló rẹ̀, ẹ̀yin kọ́."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi ẹyin àti ẹja ránṣẹ́ láti Ifọ̀ kí ara mi lè le. Ó ń pè mí lórí fóònù láràárọ̀: "Ṣé o ti gbé e mì?" Tí mi ò bá tètè gbé fóònù, á pe Ìyá Ṣadé.

Oògùn mi ti ń lọ sópin nígbà tí Lékè ò wá mọ́. Ọjọ́ kìíní, a ní bóyá ọ̀kadà ni kò rí. Nígbà tó yá, Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ lọ sílé rẹ̀. Ó padà dé, ó jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì, ohun tí kì í ṣe. Kò tíì sọ ọ́ tí a fi mọ̀ pé Lékè ti kú. Ọkùnrin yìí lo ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, kò fò ó lọ́jọ́ kan, àmọ́ ikọ́ náà ti jẹ ẹ́ jù kó tó padà sídìí oògùn. Gbogbo èémí díẹ̀ tó kù fún un, àwa ló ná an lé lórí. Mo ti bá àwọn ọlọ́lá jẹun rí, mo ti ṣe géètì fún àwọn tí ọlọ́pàá ń ṣọ́. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó tó Lékè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan wá jókòó sí bẹ́ǹṣì, ó fi gèlè bo ojú, ó ń sunkún. Kò sí ẹni tó kí i. Mo dìde, mo ní kí n kí i bí Lékè ṣe máa ń kí wa. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ọ̀dà, ti Ifọ̀, ti ẹni tó jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mi ò tíì dé ìdajì tí èémí fi tán. Mo dúró síbẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀, obìnrin náà ń wò mí. Èmi tí mò ń borí jẹnẹrétọ̀.

Mo parí oògùn. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Dókítà fi fọ́tò àyà mi hàn mí, ó ní ikọ́ ti lọ, àmọ́ ibi tó ti jẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró mi, kò ní padà bọ̀ sípò. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ mélòó ni mo lè sọ kí èémí tó tán. Ó rò pé àwàdà ni.

Àwọn ènìyàn sì ti ń wá bá mi. Wọ́n á wá bí ẹni fẹ́ ra géètì, wọ́n á fọwọ́ wọn irin, wọ́n á wo òdòdó, kí wọ́n tó rọra sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń húkọ́ o." Gbogbo wọn ló ní ọ̀rẹ́ kan. Màá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, màá dé ibi ìnujú, èémí á tán. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi Ṣadé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìbàfò, rí bí mo ṣe fi ọwọ́ di àyà mú nígbà tí ọ̀kan nínú wọn lọ tán.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, èmi á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ò ní húkọ́."

"Ta ló máa ka Yorùbá wẹ́dà?"

"Ẹni tó ń húkọ́," ló wí.

Báyìí la ṣe ṣí blọ́ọ̀gù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni màá kọ ìtàn yìí sórí ìwé, Ṣadé á tẹ̀ ẹ́. Ní báyìí, èmi fúnra mi ń tẹ̀ ẹ́, ìka kan ni mo fi ń wá lẹ́tà, àmọ́ mò ń rí i. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi pé orúkọ mi ti dé ibi tí géètì mi ò lè dé. Mo fi fọ́tò ara mi sí i, mi ò bojú. Kàmọ́rù sáré wá bá mi pé kí n yọ ọ́, pé àwọn oníbàárà á sá. Ọ̀kan sá lóòótọ́, ó wá kó irin rẹ̀ lọ. Kó máa kó o lọ, géètì rẹ̀ á wọ́. Kàmọ́rù náà wá kà á lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Ó kà á tán, ó lọ ki ìnujú rẹ̀ bọ omi iyọ̀. Mo ní, "Má fi iyọ̀ ṣe dókítà o, lọ ṣe àyẹ̀wò." Ó lọ. Ọ̀dà gidi ni tirẹ̀, ó sì padà wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi dùn sí yẹ̀yẹ́ náà.

Obìnrin kan kọ̀wé sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mi láti Ìlọrin. Ó ní ara ọkọ òun ti yá, ó ti sọ pé òun ò lo oògùn mọ́, ẹbí rẹ̀ sì ti gbè é lẹ́yìn. Ó ní òun ka ti Ìyá Ṣadé fún un sókè ketekete, níbi tó ti kúnlẹ̀ níwájú píkọ́ọ̀pù. Ó ní ọkọ òun rẹ́rìn-ín, ó wá bi òun pé omi dà. Mo ka ìwé yẹn fún Ìyá Ṣadé níbi tó ti ń ranṣọ. Kò dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, "Kí lẹ̀ ń wò mí fún? Ẹ dá obìnrin náà lóhùn."

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí: mò ń jórin, àmọ́ mo ti gba ẹni tó ń bá mi gbé èyí tó bá wúwo. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn, màá dúró ní àárín, màá ṣe bí ẹni ń wo iṣẹ́ ògiri. Mo sanra. Mi ò húkọ́ mọ́. Mo lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìyókù ni mò ń kọ síbí, ìwọ sì ti bá mi dé òpin rẹ̀ láìgbọ́ kí n mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kan.

Ó ku ìwọ. Ṣé o ti lo tòní? Tí o kò bá tíì lò ó, pa kọ̀ǹpútà yẹn, dìde, lọ gbé e mì. Ohun tí mo kọ ò ní kúrò níbí.